Sísọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta ń pa ẹsẹ̀ mi, mo sì fẹ́ gun òkè Taraba lóṣù Kejìlá

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo ilé. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń fẹsẹ̀ rin orí òkè lápá Òkè Ọya níbí tipẹ́.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ wá sísàlẹ̀, nítorí náà òkè kì í ṣe àjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni a fi ń gun Òkè Ìdànrè, ó lé ní 600, ibi tí ẹsẹ̀ yóò bà sí ti wà nílẹ̀ dè é. Àwọn òkè Àbújá kò ní àtẹ̀gùn. Ó di ọdún 11 tí mo ti wà ní Kubwa, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, mo pé ọdún 46 lóṣù Keje tó kọjá. Láti bí ọdún kan ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń rìn láàárọ̀ Sátidé. A ti gun òkè Katampe, a ti rin ẹ̀yìn Mpape, a sì ti rin àwọn òkè tó wà létí omi Usuma lápá Ushafa.

Tí a bá ń gòkè, kò sóhun tó ń ṣe mí. Mo lè máa bá ẹnìkejì tàkúrọ̀sọ lọ. Ìgbà tí a bá kọjú sísàlẹ̀ ni ìyà mi ń bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kìlómítà 14 la rìn lórí òkè Ushafa yẹn. Nígbà tí a ń bọ̀ nísàlẹ̀, itan mi méjèèjì ń gbọ̀n bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Mo tẹ yangí tó dà sórí àpáta, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fìdí balẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Kò pẹ́ sí i ni àtẹ́lẹ̀ bàtà ọ̀tún ya láti iwájú, tó ń la ẹnu bí ọ̀nì. Mo tú ìborùn mi, mo fi dì í mọ́ ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rìn dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Òkìrìkà ni bàtà náà, ₦18,000 ni mo rà á nínú ọjà kan níbí, ó dúró ṣinṣin, kò sí ibi tó ha lára rẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ ọ nílé, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì ti dúdú, ìléròrò tó tó owó náírà kan ìgbà àtijọ́ sì ti bẹ́ ní gìgísẹ̀ òsì.

Lóṣù Kejìlá ọdún yìí, ẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ gun Chappal Waddi nínú ọgbà Gashaka-Gumti ní Taraba. Mítà 2,419 ni, òun ló ga jù ní gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan la ó fi rìn lọ rìn bọ̀. Ọkọ mi ní kí n jókòó sílé. Àwọn ọmọ mi ní kí n lọ. Èmi fúnra mi fẹ́ lọ, ó ń wù mí débi pé mò ń lá àlá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè ṣe sí itan àti orúnkún mi láàárín oṣù 11 tó kù? Irú bàtà wo ni kí n wá? Àbí ọjọ́ orí ló ti dé?

Lékè Oníbàtà, Lugbe

Ẹ kú ewu, Mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàtà nìkan ni màá sọ. Irú bàtà yẹn, tí awọ rẹ̀ dára tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì ya lójijì, ó tó mẹ́ta tí wọ́n ń gbé wá bá mi lóṣù. Fóòmù kan wà láàárín awọ àti rọ́bà ìsàlẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni í máa jẹ fóòmù yẹn díẹ̀díẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò wọ bàtà náà rí. Ó lè ti wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Ìdí nìyẹn tí kò fi ha lára: wọn kò wọ̀ ọ́, ó kàn gbó ni.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òkìrìkà mìíràn, ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà. Tó bá wọlé tí kò padà, tàbí tó ń wó bí àkàrà tó ti sùn mọ́jú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ bàtà náà po láti àárín kí ẹ fetí sí i, tó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní dé òkè. Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè mú un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín láti rán an. Orí kí ni abẹ́rẹ́ yóò dì mú?

Bàbá Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, Jos

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí bàbá ilé, mo kí àwọn ọmọ.

Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 67 ni mo jẹ́, mo sì ń sọ òkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mo fi jẹun nílẹ̀ Plateau yìí fún ọdún 31, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta léjìká, láti Riyom títí dé ẹsẹ̀ Àpáta Wase, àti lórí àwọn òkè Shere tí ṣóńṣó wọn ga tó mítà 1,829. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú itan yín, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ oògùn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, iṣan iwájú itan ń sún kì kó lè gbé yín sókè. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, iṣan yẹn kan náà ló di bíréèkì. Ara yín fẹ́ já sísàlẹ̀, òun ń dì í mú, ó sì ń nà bó ṣe ń dì í mú. Nínà àti dídì mú lẹ́ẹ̀kan náà yẹn ló ń ya á wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ ó ti rí i pé ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ìrora rẹ̀ ń le jù, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rìn ín. Èémí tó dáa kò lè gbà yín nínú èyí. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun ibi gíga lójoojúmọ́ lè dé ìdí òkè kó má lè jókòó lórí ṣáláńgá.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé iṣan kì í gbàgbé. Tó bá ti jìyà yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó sinmi, ìgbà kejì kì í dùn ún tó bẹ́ẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, sísọ̀ ni kí ẹ fi kọ́ sísọ̀. Ṣé ilé alájà ni ọ́fíìsì yín? Ẹ gun ẹ̀rọ agbénisókè lọ, kí ẹ fẹsẹ̀ sọ àtẹ̀gùn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́ọ́rọ́, láìdi irin mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ gbé omi lítà 5 sínú àpò ẹ̀yìn kí ẹ tún máa sọ̀ ọ́. Ẹ má fi ẹrù kún un lọ́sẹ̀ kan náà tí ẹ fi àjà kún un.

Ní ti bí a ṣe ń tẹ àpáta, obìnrin Gbagyi kan ló kọ́ mi, kò sì mọ̀ pé òun kọ́ mi. Ó pẹ́ díẹ̀, iṣẹ́ gbé wa wá sí agbègbè Bwari. À ń bọ̀ láti orí òkè kan nírọ̀lẹ́, àwa ọkùnrin mẹ́rin tí a wọ bàtà ńlá, a ń rá gbálá bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìyá yìí yọ lẹ́yìn wa pẹ̀lú igi ìdáná. Ẹ mọ̀ pé èjìká ni àwọn Gbagyi fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí. Ìdì igi náà gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, sílípáàsì rọ́bà ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kí wa, ó kọjá. Mo ní kí àwọn tó kù dúró, mo tẹ̀ lé e.

Ojú rẹ̀ kò sí ní ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Ibi tí yóò tẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kẹta ló ń wò. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kéré, kò gùn ju àtẹ́lẹsẹ̀ kan àbọ̀ lọ. Orúnkún rẹ̀ kò gan, ó máa ń rọ̀ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀. Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń bà lé àpáta lẹ́ẹ̀kan, kì í fi gìgísẹ̀ ṣáájú. Ibi tí yangí bá dà sí, kò tẹ̀ ẹ́, yóò wá ojú àpáta lásán kó tó gbé ẹsẹ̀ sí i, ì báà gbà á ní ìgbésẹ̀ méjì kún un. Yangí lórí àpáta, ọmọ ayò lórí sìmẹ́ǹtì ni. Níbi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́, ó ń lọ sọ́tùn-ún ó ń bọ̀ sósì. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ó tẹ síwájú díẹ̀. Àwa, ẹ̀rù ń bà wá, a ń fẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tì lọ síwájú, ibẹ̀ ni ìdí ti ń balẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yín ní Ushafa.

Àwọn àpáta Àbújá tún ní ìwà kan. Wọ́n ń bó bí alùbọ́sà. Awọ òkè rẹ̀ ń ṣí kúrò lára ìsàlẹ̀, ó lè fẹ̀ tó tábìlì, kó dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀pá lu ibi tí ẹ bá ń fura sí. Tó bá dún pọ́kẹ́pọ́kẹ́ bí agbè, ẹ yà fún un. Tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, àwọn ojú dúdú tó wà lára àpáta, tó máa ń há bí ahọ́n ológbò lásìkò ọyẹ́, yóò dà bíi pé wọ́n da ewédú sí i. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ́ lápá lórí rẹ̀.

Ní ti àkókò: ará Scotland kan, William Naismith, ló gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lọ́dún 1892 tí èmi ṣì ń lò. Wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn sókè. Kìlómítà 15 tó ní mítà 600 nínú yóò gba wákàtí 4. Ojú ọ̀nà tó dáa nìyẹn o. Lórí òkúta págunpàgun, mo máa ń fi ìdajì rẹ̀ lé e, ó di wákàtí 6. Oòrùn kì í pẹ́ wọ̀ lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́ lásìkò ọyẹ́, nítorí náà ẹni tó bá gbéra ní aago 10 òwúrọ̀ ti ń fi alẹ́ ṣe eré. Àárẹ̀ àti ìkánjú ìrọ̀lẹ́ ni mo rí pé ó ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ ra bàtà tó bo kókósẹ̀.

Alfa Zaria

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo fara mọ́ àfi ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ọmọ Ìlọrin ni mí, òkè Kufena ni mo ti ń rìn níbí láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Bàtà tó wúwo ló ń rẹ itan. Ìṣísẹ̀ tí ẹ ó gbé lórí kìlómítà 14 lè ju 20,000 lọ; ẹ fi gíráàmù 300 kún bàtà kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ohun tí ẹ ń gbé kiri. Bàtà fẹ́lẹ́ tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó ní eyín, ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí àpáta ń sọ. Obìnrin Gbagyi yẹn kúkú wọ sílípáàsì.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: kò sí òkè tí kò ní onílé. Kí ẹ tó gun èyíkéyìí, ẹ yà lọ́dọ̀ maigari, ìyẹn baálẹ̀ abúlé ìdí rẹ̀, ẹ kí i, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn ọ̀nà kan wà tí a ń rìn nígbà kan tí ẹnikẹ́ni kì í rìn mọ́, àwọn ará abúlé ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà.

Bàbá Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, Jos

Alfa, ẹ ṣeun. Obìnrin yẹn ti ń fẹsẹ̀ tẹ àpáta láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, kókósẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe kókósẹ̀ ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n mo gbà pé bàtà tó wúwo kò dáa. Ìyá Ìbejì, ẹ wá èyí tó bo kókósẹ̀ tó sì fúyẹ́. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó fi rìn. Ẹ dúró lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ kọjú sísàlẹ̀. Tí àtàǹpàkò bá kan iwájú bàtà, ó ti kéré jù.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrora.

Èékánná yẹn, inú bàtà ló ti ń lu iwájú ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń sọ̀. Ẹ gé èékánná lọ́gbọọgba, kó má gùn, ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìn. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ jókòó, ẹ tú okùn bàtà, ẹ ta gìgísẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bàtà pátápátá, kí ẹ wá fa okùn níbi ọrùn ẹsẹ̀ le dáadáa. Iwájú bàtà ni kó dẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni, ṣùgbọ́n òun ni yóò di ẹsẹ̀ mú kó má ṣe sún síwájú.

Ìléròrò máa ń gbóná kó tó yọ. Ẹ má ṣe sọ pé "màá wò ó tí a bá délé." Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ ìgbóná, ẹ dúró, ẹ gbẹ ẹsẹ̀, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìbọ̀sẹ̀ òwú ń gba òógùn sára bí tówẹ̀lì, ẹ fi í sílé. Ẹ wá onírun àgùntàn tàbí èyí tó ń tètè gbẹ.

Omi: omi inú ọ̀rá kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50. Ẹ gbé mẹ́jọ fún ọjọ́ kan tí oòrùn bá mú, ìyẹn lítà 4. Ṣùgbọ́n omi lásán nìkan pẹ̀lú òógùn púpọ̀ léwu, iyọ̀ ara ló ń fọ̀. Orí fífọ́, ìka ọwọ́ wíwú, èébì, ẹ ó rò pé òùngbẹ ni, ẹ ó tún máa mu omi sí i. Ẹ po lítà kan rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, kí ẹ má wọ̀n ọ́n ní gegele. Kúlíkúlí oníyọ̀ àti dàbínò náà dáa.

Ejò ni ìkẹyìn. Paramọ́lẹ̀ kékeré kan pọ̀ lápá Òkè Ọya níbí, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ló ní, abẹ́ òkúta ló fẹ́ràn. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín kò tó. Tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so okùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, ẹ gbé onítọ̀hún, kó má fẹsẹ̀ rìn, lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Kí ẹ tó lọ Taraba, ẹ ti béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ náà wà lójú ọ̀nà. Ìlú Kaltungo ní Gombe ni wọ́n mọ̀ dáadáa fún ìtọ́jú rẹ̀ ní àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ ṣe é ní ìbéèrè àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn náà.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Olúwa yóò máa gbé ẹnìkọ̀ọ̀kan yín ga.

Àjà mẹ́rin ni ọ́fíìsì wa. Mò ń gun ẹ̀rọ lọ, mò ń fẹsẹ̀ sọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú kí n tó lè dìde. Ọ̀sẹ̀ yìí, kò dùn mí mọ́. Mo ra bàtà tuntun, ó bo kókósẹ̀, ó fúyẹ́. Mo rà á nírọ̀lẹ́, mo sì fi í rin àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbé e lọ sórí òkè.

Sátidé tó kọjá, ìsàlẹ̀ òkè Ushafa kan náà. Mo jókòó lókè, mo so okùn bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Mo wo ìṣísẹ̀ kẹta. Níbi tí mo ti ṣubú lọ́jọ́sí, yangí náà ṣì wà níbẹ̀, mo rí ojú ibi tí ìdí mi fà. Mo yà sí apá òsì, mo fi ọ̀pá lu àpáta, ó dún pọ́kẹ́pọ́kẹ́ lóòótọ́, Bàbá! Mo pe àwọn tó wà lẹ́yìn kí wọ́n má tẹ ibẹ̀. A gba apá ọ̀tún, mo fẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́. Itan mi kò gbọ̀n títí mo fi dé ìdí ọkọ̀. Èékánná tuntun ti ń yọ lábẹ́ èyí tó dúdú.

Ọkọ mi kò tíì ní kí n lọ, ṣùgbọ́n òun ló bá mi gbé àpò omi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá, mo fẹ́ mọ bí ara mi yóò ṣe rí níbi tó ga ju Àbújá lọ. Ṣé mo lè wá sí Jos nígbà Àjíǹde, kí n wá gun òkè Shere pẹ̀lú yín? Aṣọ wo ni kí n mú wá?

Bàbá Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, Jos

Ẹ káàbọ̀ ṣáájú. Ẹ má dúró di Àjíǹde, òjò lè ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, mo sì ti sọ ti ewédú fún yín. Ẹ wá níparí oṣù Kejì. Ìyàwó mi ní yàrá kan ń bẹ fún yín àti fún àwọn ìbejì. Jos ga tó mítà 1,200, ẹ sinmi ní ọjọ́ kan kí a tó gòkè. Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn, òwúrọ̀ ibí ń mú ju bí ẹ ṣe rò lọ, àti iná tí a ń so mọ́ orí. Aago 5 àárọ̀ la ó gbéra.